Ọ́ìlì tó ń sá ní Clearways: ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú Primera wa ní Brands Hatch

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń béèrè pé kí ló dé tí mi ò kọ nǹkan kan látìgbà tá a ti jó irin kéèjì tó ń dáàbò bo awakọ̀ sínú ọkọ̀, ẹ má bínú, iṣẹ́ ló pọ̀. Adúmáadán ti sáré o! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi wà ní Brands Hatch, pápá ìdíje ọkọ̀ tó wà ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ́ńjìnnì ò nọ́ọ̀kì, àmọ́ ó kù díẹ̀ kó nọ́ọ̀kì, bó ṣe kù díẹ̀ yẹn àti ohun tá a ṣe sí i ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ báyìí tí ọ́ìlì ṣì ń rùn lọ́wọ́ mi.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: Adúmáadán ni Nissan Primera P11 dúdú tá a rà lọ́wọ́ bàbá àgbà kan tó ti fẹ́ tà á fún àwọn tó ń fọ́ ọkọ̀ ta ní wẹ́wẹ́. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ni SR20DE, líta méjì, sìlíńdà mẹ́rin, ṣéènì ló wà lára ẹ̀ kì í ṣe bẹ́líìtì. Àwa mẹ́ta la ni ín. Èmi ni mo ń ṣe ẹ́ńjìnnì, àbúrò mi ọkùnrin ló ń wà á, àna mi ni rewáyà wa. Dartford là ń gbé, téèyàn bá tètè jí kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀, kò ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ kó tó dé Brands Hatch. Ìdíje touring car ti àwọn kíláàbù là ń ṣe, kì í ṣe BTCC, ìdíje touring car tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ́ ẹ máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ ilẹ̀ kan náà là ń sá lé.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé kò sí ọkọ̀ míì ni. Bàbá mi ló fà á. Primera tòkunbọ̀ ni wọ́n fi ń gbé wa lọ síléèwé n'Ìbàdàn, àwọn fúnra wọn ni mẹ́káníìkì ẹ̀, ní Mọ́kọ́lá, wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí mo dé ìlú yìí ni mo tó mọ̀ pé ọkọ̀ tá a fi ń kó iṣu bọ̀ láti Bódìjà yẹn, irú ẹ̀ ti gba BTCC rí: lọ́dún 1998 Nissan ló gba ife-ẹ̀yẹ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀, lọ́dún 1999 Laurent Aiello, ará Faransé, fi Primera gba ti awakọ̀, David Leslie tí wọ́n jọ wà nínú tíìmù kan náà ló sì ṣe ìkejì. Owó tí wọ́n ná sórí ọkọ̀ tiwọn kọjá àfẹnusọ, kò sí ohun tó kan ti bàbá mi nínú ẹ̀, síbẹ̀ ìdílé SR20 yìí náà ni ẹ́ńjìnnì tiwọn ti wá. Ọjọ́ tí mo sọ fún bàbá mi lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Mo sọ fún yín nígbà yẹn, ẹ ò gbà."

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí iṣẹ́.

Fúráìdé, ìdánwò. Indy ni wọ́n ń pe ọ̀nà kékeré tó wà níbẹ̀, máìlì 1.2 ni, kò tó kìlómítà méjì, ọkọ̀ tiwa ń yí i ká láàárín bíi sẹ́kọ́ńdì 57. Ẹni tí kò bá tíì débẹ̀ lè rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Paddock Hill Bend lẹ máa kọ́kọ́ pàdé, ẹ ò ní rí ibi tí ọ̀nà ń lọ kẹ́ ẹ tó yíwọ́ sí ọ̀tún, ilẹ̀ á wá já lábẹ́ yín bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Màpó, kẹ́ ẹ tó mí ẹ ti ń gun òkè lọ sí Druids, ọ̀tún náà ni, ó ká bí ìwọ̀ ẹja. Graham Hill Bend, òsì. Surtees, òsì. Ìgbà yẹn ló wá kan Clearways, ọ̀tún, ó gùn, kì í tètè tán, ó ń ṣí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi gbé yín dé iwájú àwọn òǹwòran, inú ẹ̀ lẹ sì ti gbọ́dọ̀ tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ torí bẹ́ ẹ bá ṣe jáde níbẹ̀ lẹ máa ṣe sáré lórí ọ̀nà tó gùn. Ọ̀tún ló pọ̀ jù níbẹ̀ lápapọ̀, ìdí nìyẹn tí táyà iwájú lápá òsì fi máa ń kọ́kọ́ jẹ.

Àbúrò mi wọlé lẹ́yìn ìyípo mẹ́jọ, inú ẹ̀ dùn, ó ní ọkọ̀ ń yí bó ṣe fẹ́, táyà tuntun di ilẹ̀ mú. Èmi ò dá a lóhùn, kámẹ́rà ni mo lọ yọ. Mo ti so kámẹ́rà kékeré kan sínú ọkọ̀ kó máa wo géèjì prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì nìkan, torí awakọ̀ ò lè máa wo géèjì ní Clearways. Mo fi í sórí láàpútọ́ọ̀pù. Lójú ọ̀nà tó gùn abẹ́rẹ́ wà ní 4.5 bar (bar la fi ń wọn prẹ́ṣọ̀), ó dúró ṣinṣin. Ó dé Druids, ó mì díẹ̀. Ó dé Clearways, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílẹ̀, 4, 3, 2, ó dé 1 bar, ó dúró síbẹ̀ fún bíi sẹ́kọ́ńdì méjì, nígbà yẹn ẹ́ńjìnnì ń yí ní 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan o, lẹ́yìn náà ló fò padà sókè bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo wo ìyípo kejì, bákan náà. Ìkẹta, bákan náà. Gbogbo ara mi tutù.

Ẹ bu omi sínú abọ́ pẹrẹsẹ, kẹ́ ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ nínú mọ́tò tó ń ya kọ́nà, omi á rọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìsàlẹ̀ abọ́ á sì gbẹ lápá kejì. Bí ọ́ìlì ṣe ń ṣe nínú sọ́ǹpù, abọ́ ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, nìyẹn. Ẹnu páìpù tí póòmpù fi ń fa ọ́ìlì dúró sójú kan, kì í sáré tẹ̀lé ọ́ìlì, tí ọ́ìlì bá ti kúrò níbẹ̀, atẹ́gùn ni póòmpù máa fà, atẹ́gùn ni yóò sì gbé lọ fún bẹ́ẹ̀rìn tó gbé kíráńkì, irin ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì. Bẹ́ẹ̀rìn tí ò rí ọ́ìlì, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin. Ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìdíje nìyí, ó sì ń pa á láìpariwo.

Ẹni tó bá ń retí kí iná pupa tan kó tó gbà pé nǹkan wà, ó ti pẹ́. Prẹ́ṣọ̀ gbọ́dọ̀ ti fẹ́ẹ̀ẹ́ tán pátápátá kí iná yẹn tó tàn. Bàbá mi máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn pé iná ọ́ìlì kì í mú ìròyìn àìsàn wá, ìròyìn òkú ló ń mú wá. Géèjì ni kẹ́ ẹ rà, ẹ jọ̀ọ́, kò wọ́n.

Kí ló dé tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tá a dán ọkọ̀ wò lóṣù tó kọjá? Táyà ni. Táyà àtijọ́ ò di ilẹ̀ mú, ọkọ̀ máa ń yọ̀, ó sì ń tètè dẹwọ́. Táyà tuntun yìí ò yọ̀, ọkọ̀ ń fi agbára tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ya kọ́nà, agbára yẹn náà ló ń ti ọ́ìlì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó mú kí àbúrò mi yára ló ń pa ẹ́ńjìnnì.

Mo tiẹ̀ ti ra sọ́ǹpù tó ní ìdènà nínú, tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ti SR20 ni, òótọ́ ló sọ, àmọ́ SR20 ti ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rìn ni, sọ́ǹpù méjèèjì ò jọra rárá, tiwa ń fi ẹsẹ̀ iwájú rìn, ẹ́ńjìnnì sì dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Mo ti dá a padà, owó ò tíì dé dòní. Ẹ béèrè dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó.

Nítorí náà ní Fúráìdé, ohun tọ́wọ́ wa tó la ṣe: a fi ọ́ìlì ìdajì líta kún un kọjá ààmì tó wà lára ọ̀pá géèjì. Ọgbọ́n àtijọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ dé àyè kan, torí tí ọ́ìlì bá pọ̀, díẹ̀ á ṣẹ́ kù sí ẹnu páìpù. Àmọ́ tó bá pọ̀ jù, kíráńkì á máa lu ú bí ẹni ń lu ẹyin, á di fóòmù, fóòmù ò sì sàn ju atẹ́gùn lọ.

Sátidé. Àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò dé ọ̀dọ̀ wa kí aago mẹ́jọ tó lù. Wọ́n fa bẹ́líìtì ìjókòó, wọ́n wo déètì tó wà lára ẹ̀rọ panápaná, wọ́n ní kí àbúrò mi jókòó kó fi ọwọ́ kan súwíìṣì tó ń pa iná ọkọ̀ láì tú bẹ́líìtì, wọ́n wọn ariwo sáìlẹ́ńsà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n rí ni pé ọfà tó ń tọ́ka sí ibi tí wọn máa so okùn ìfàkọ̀ mọ́ ò hàn dáadáa lára àwọ̀ dúdú, àna mi fi téèpù òféèfèé ṣe òmíràn lójú ẹsẹ̀. Àwọn èèyàn yẹn ń ṣe dáadáa o, ọ̀fẹ́ lọ̀pọ̀ nínú àwọn máṣà tó ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nínú òjò àti oòrùn ń ṣe é, láìsí wọn eré ò lè wáyé.

Kọ́lífáì, ìyẹn eré tí wọ́n fi ń mọ ipò tí kálukú máa ti bẹ̀rẹ̀: ìkẹtàdínlógún nínú mẹ́rìnlélógún. Abẹ́rẹ́ ò dé 1 mọ́, 2 ló ń wá. Ó sàn, kò tíì tó. Ọ̀bẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé wa lọ́nà kejì: ìgò tá a so mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí ti fẹ́ẹ̀ẹ́ kún fún ọ́ìlì. Ọ́ìlì tá a fi kún un, apá kan ẹ̀ ti ń tú jáde. Tó bá kún ju bẹ́ẹ̀ lọ tó dà sójú ọ̀nà, a ti di ewu fún ẹlòmíì nìyẹn, kò sì sóhun tó burú tó ọ́ìlì lórí Paddock Hill.

Mo ní kí àbúrò mi gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ ní Clearways nínú eré àkọ́kọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ìkẹrìnlá ló ṣe, àmọ́ gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń rí i pé ibẹ̀ ló ti ń dẹwọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń kọjá lára ẹ̀. Nígbà tó jáde nínú ọkọ̀, ó jókòó sórí táyà, ó ní bóyá òun ni ò mọ̀ ọ́n wà. Mo sọ ìtàn ọdún 1958 fún un, ọdún àkọ́kọ́ tí ìdíje tó di BTCC bẹ̀rẹ̀. Jack Sears àti Tommy Sopwith ní pọ́ìntì kan náà nígbà tí gbogbo eré parí, níbí, ní Brands Hatch. Wọ́n fẹ́ sọ kọ́bọ̀ sókè kí wọ́n fi mú ẹni tó borí, àwọn awakọ̀ ò gbà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé Riley 1.5 méjì tó jọra wá, wọ́n sáré, wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀, wọ́n tún sáré, wọ́n ro àkókò méjèèjì pọ̀, Sears ló borí pẹ̀lú ìwọ̀nba sẹ́kọ́ńdì. Kí wọ́n tó lè mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n wà, wọ́n ní láti kọ́kọ́ yọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kúrò. Mo ní, a ò lè mọ̀ bóyá ìwọ lo lọ́ra nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ńjìnnì, jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún un lómi mu.

Alẹ́ Sátidé ni iṣẹ́ wà.

Fílítà la kọ́kọ́ gé. Ẹ má fi ayùn gé e o, ìyẹ̀fun irin ayùn máa wọnú ẹ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó wá látinú ẹ́ńjìnnì, ẹ lo ohun tó ń ṣí agolo. Mo fa bébà inú ẹ̀ jáde, mo tẹ́ ẹ sórí páálí funfun, mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kó lè tàn lára ohun tó bá ń dán. Àna mi ò sọ̀rọ̀, àbúrò mi ò sọ̀rọ̀. Mo ń ṣí bébà yẹn ní ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo orí ọmọ tó ń yún. Dúdú díẹ̀díẹ̀ wà níbẹ̀, èédú lásán, mo fi ìka fọ̀ ọ́, ó fọ́. Mo rí ohun kan tó dán, ọkàn mi já, mo gbé màgínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn, kò gbé e. Ìyẹn gan-an ló tún burú, torí irin bẹ́ẹ̀rìn kì í tẹ̀lé màgínẹ́ẹ̀tì. Mo wò ó dáadáa, góòmù tí wọ́n fi dí sọ́ǹpù ni, òun ló ń dán nínú ọ́ìlì, mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó fà bí rọ́bà. Ojú wa là.

Mo fi fídíò pe bàbá mi, mo ní kí wọ́n wò ó. Wọ́n ní kí n gbé fóònù sún mọ́ ọn, wọ́n wò ó títí. "Ó ṣì ń mí," wọ́n ní. "Tú sọ́ǹpù yẹn lálẹ́ yìí, má sùn lé e lórí." Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà."

SR20 ní sọ́ǹpù méjì tó sorí ara wọn, ti òkè jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ, ìyẹn ló gbà wá, torí irin ṣeé jó. A fa ọ́ìlì sínú ike mímọ́, a tú páìpù sáìlẹ́ńsà iwájú torí ó dí wa lọ́wọ́, a tú àwọn nọ́ọ̀tì kéékèèké yí i ká pẹ̀lú sípánà 10. Kò bọ́. Góòmù ló dì í mú. Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ àwọn kunlékunlé la fi wọ ojú ẹ̀, a ń fi òòlù kàn án wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yípo, ẹ má fi sukurudiráfà wú u, etí irin á tẹ̀, kò sì ní dí mọ́ láéláé.

Àwòrán ìdènà, páálí Indomie la fi gé e. A gé e, a fi sínú sọ́ǹpù, kò bá a mu, a gé òmíràn, ìkẹta ló jókòó. Ó rí bí àpótí kékeré tó yí ẹnu páìpù ká, ògiri mẹ́ta tó lágbára, ògiri kẹrin ní ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí sínú nìkan. Ọ́ìlì lè ti ilẹ̀kùn wọlé, tó bá fẹ́ padà jáde, á fúnra ẹ̀ ti ilẹ̀kùn pa.

Wọn ò gbà ká jó irin nínú pádọ́ọ̀kì, ibi tí gbogbo tíìmù ń páàkì sí, lálẹ́, ó yẹ bẹ́ẹ̀, epo pọ̀ níbẹ̀. Bàbá òyìnbó kan tó ń sáré nínú ẹ̀ka wa, tó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó ti jẹ ìrẹsì jọ́lọ́ọ̀fù ìyàwó mi lọ́sàn-án, ló ní West Kingsdown lòun ń gbé, abúlé tó wà níbẹ̀ gan-an, òun ní ẹ̀rọ ìjórin nílé. A tẹ̀lé e. Ó jó o fún wa ní ojú kan, ó dúró, ó jó o ní ojú kejì lápá kejì, kí ooru má bàa ká etí sọ́ǹpù. Nígbà tó parí, a da sọ́ǹpù délẹ̀ lórí gíláàsì, a wo abẹ́ ẹ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ. Ó yọ lápá kan, ó fi òòlù lù ú díẹ̀díẹ̀ títí tí ìmọ́lẹ̀ fi pa. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ohun tó kù tó ń bà mí lẹ́rù ni àyè tó wà láàárín ẹnu páìpù àti ìsàlẹ̀ sọ́ǹpù. Tó bá sún mọ́ jù, kò ní lè fa ọ́ìlì, tó bá jìnnà jù, atẹ́gùn náà ni. Amọ̀ ìṣeré ọmọ mi wà nínú ọkọ̀, mo pọ́n díẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu páìpù, mo gbé sọ́ǹpù sókè láì fi góòmù sí i, mo di nọ́ọ̀tì mẹ́rin, mo tún tú u. Amọ̀ ti pẹlẹbẹ. Mo fi ọ̀bẹ gé e láàárín, mo wọ̀n ọ́n: mìlímítà méje. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. A fọ gbogbo ẹ̀ mọ́, a fi góòmù tuntun, a dì í. Aago méjìlá òru ti fẹ́ẹ̀ẹ́ lù. A fi í sílẹ̀ kó gan, a sùn sínú ọkọ̀ akẹ́rù wa.

Sọ́ńdè. A da ọ́ìlì sí i dé ààmì, kò kọjá ààmì mọ́. Kí a tó tan iná, àna mi yọ fíúùsì póòmpù epo àti wáyà kọ́ìlì, a wá ń kíkì í lásán kí ọ́ìlì lè kọ́kọ́ dé gbogbo ara ẹ́ńjìnnì. Abẹ́rẹ́ ò mì. Ó ṣì ń kíkì, abẹ́rẹ́ ò mì. Ní bíi sẹ́kọ́ńdì mẹ́jọ, ó gbéra. Àna mi lu orí ọkọ̀ gbà-gbà-gbà pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. A dá fíúùsì padà, ó tan, a dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kò jò.

Eré kejì, mo ní kó má gbé ẹsẹ̀ ní Clearways. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mi ò lè rí géèjì láti ibẹ̀, etí ni mo fi ń wò ó. Ìyípo mẹ́rìndínlógún. Gbogbo ìgbà tó bá jáde láti Clearways ohùn ẹ́ńjìnnì mọ́ gaara. Ìkọkànlá ló ṣe, ó kọjá èèyàn mẹ́ta, méjì nínú wọn ní Clearways gan-an. Mo yọ kámẹ́rà kó tó bọ́ àṣíborí. 4.5 lójú ọ̀nà tó gùn, 4 nínú Clearways. 4! Mo fi fídíò ọ̀hún ránṣẹ́ sí bàbá mi.

Eré kẹta ò pẹ́ sọ, ẹnì kan gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní Druids ní ìyípo kejì, táyà iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìta, ó fi bẹ́ẹ̀ rìn dé òpin, ìkẹtàlá. Apá sitíárìn kan ló tẹ̀, a ti pààrọ̀ ẹ̀.

Mo tún gé fílítà tuntun yẹn lálẹ́ Sọ́ńdè nílé. Ọ́ìlì nìkan ló wà níbẹ̀.

Ìyókù tá a máa ṣe: Snetterton ló kàn, ní Norfolk, ọ̀nà tó gùn tó fẹ́ẹ̀ẹ́ tó máìlì mẹ́ta, kọ́nà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Coram, ọ̀tún ni, ó gùn gan-an ju Clearways lọ, ibẹ̀ la ti máa mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn kékeré yẹn tó. Mo fẹ́ fi ilẹ̀kùn kejì sí i lápá iwájú nítorí ìgbà tó bá ń tẹ bírékì. Kámẹ́rà ò ní kúrò lójú géèjì. Ẹni tó bá ti gbé SR20 oníwájú lọ sí Snetterton rí nínú yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ iye tí prẹ́ṣọ̀ yín ń wá sí ní Coram fún mi.